Agolo Ọ́ìlì àti Aṣọ Funfun Méje

Nígbà tí mo kúrò ní Abẹ́òkúta, mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé òkè òkun ni mò ń lọ. N kò purọ́ fún wọn. Ìlú wa àti ìlú Dàhòmì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà, wọ́n ti ta àsíá tuntun síhìn-ín, wọ́n ti ta òmíràn sọ́hùn-ún, ọjà tí ìyá bàbá mi máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ láyé ọjọ́un sì ti di ilẹ̀ àjèjì. Pobẹ̀ ni mò ń wí. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Ìlaròó láàárọ̀ á ti débẹ̀ kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Ìyẹn lòkè òkun tèmi.

Ìbínú ló gbé mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni gáréèjì tí mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Lọ́jọ́ kan mo jẹ́ kí ọ́ìlì gbẹ nínú ẹ́ńjìnì lọ́rì oníbàárà rẹ̀, ẹ́ńjìnì náà gan pa sójú ọ̀nà Ìbarà. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí níwájú gbogbo ọmọ iṣẹ́, ó ní kí n máa lọ, ó ní òjò ọdún méjì kò ní rọ̀ kọjá kí n tó padà wá dọ̀bálẹ̀ fún òun. Mo ní kó máa ka òjò. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fi ìbínú sọ níwájú ọmọ iṣẹ́, ó di dandan kó dúró tì í, nítorí náà n kò gbọdọ̀ padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn bí mo ṣe ń sọ èyí tó kù.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Pobẹ̀ ni pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wakọ̀ sí. Òsì ni tiwa nílé nígbà náà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo máa ń dojú kọ lọ́rì tó ń bọ̀, inú á bí mi sí awakọ̀ náà pé kò mọṣẹ́, òun náà á yọrí síta, á bú mi ní èdè Gùn. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé èmi ni n kò mọṣẹ́.

Ìkejì ni pé wọ́n ń sọ Yorùbá, mo gbọ́ ọ, síbẹ̀ n kò gbọ́ ọ tán. Níbi tí àwa ti ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ Faransé ni wọ́n ti ń yá tiwọn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo mọ̀, kapó ni wọ́n ń pè é. Pẹtiróòlù di ẹsáǹsì. Mo ti rò pé màá wá fi ọgbọ́n Ẹ̀gbá là wọ́n lójú, ni mo bá di ẹni tó ń nàka sí nǹkan bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn ọmọdé ilé tí mo dé sí máa ń to ara wọn jọ láti wò mí bí mo bá fẹ́ ra sípánà.

Bàbá Zàkáríà ló gbà mí síṣẹ́. Ó ní oko ọ̀pẹ, ó sì ní mọ́tò Faransé ògbólógbòó kan tó ń kérò láti Pobẹ̀ sí Sakẹ́tẹ́. Èmi ni mo ń wà á, èmi náà ni mo ń tún un ṣe. Ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, olú ìlú Dàhòmì, ni Bàbá ń lọ. Aṣọ gbọọrọ láti ọrùn títí dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sí bàtà, kò sí àwọ̀ mìíràn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mọ́tò yẹn kan náà tó kó àgbàdo àti ewúrẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ ló máa ń kó àwọn ìyá àti bàbá ìjọ lọ síbi ìsìn. Ẹ wo irú aṣọ tí wọ́n yàn, kí ẹ wá wo irú mọ́tò tí wọ́n ní.

Ẹ́ńjìnì máa ń mí. Páìpù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí èémí náà ń gbà jáde. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣì dára, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gbó, á máa tu ọ́ìlì mọ́ èémí. Ti Bàbá Zàkáríà gbó ju Bàbá Zàkáríà fúnra rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ mọ́tò náà sì lu jára. Èéfín ọ́ìlì á gba ibẹ̀ wọlé, á bà sára aṣọ funfun, á di ẹ̀kán dúdú wínníwínní. Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, Bàbá pè mí sábẹ́ igi ọsàn.

"Ẹ̀gbá," ó ní. Bó ṣe ń pè mí nìyẹn, bíi pé ìyá mi ò sọ mí lórúkọ. "O rí aṣọ yìí?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Aṣọ tí mo fi ń dúró níwájú Olúwa nìyí. Bí ọ́ìlì bá tún kan aṣọ ẹnì kan ṣoṣo nínú mọ́tò mi, o máa padà síbi tí o ti wá."

Ibi tí mo ti wá. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi lójú inú, ó jókòó lórí táyà, ó ń ka òjò.

Ni mo bá wá agolo. Agolo wàrà ńlá tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa ni mo rí. Mo fa rọ́bà láti ẹnu páìpù yẹn wọ inú rẹ̀, mo fi wáyà dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì níbi tí iná kò ti ní jó o. Mo ki kànrìnkàn sínú rẹ̀, kí èéfín lè lẹ̀ mọ́ ọn kó sì di ẹ̀kán kó tó ráyè jáde. Mo lu ihò kékeré kan sí ìdérí kí afẹ́fẹ́ máa gbabẹ̀ lọ. Mo lu òmíràn sí ìdí agolo, mo fi igi dí i. Nígbàkígbà tí a bá dé Sakẹ́tẹ́, bí èrò bá ti ń sọ̀kalẹ̀, màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá yọ igi ìdí rẹ̀, màá sì ro ohun tó bá ti wà níbẹ̀ sínú igbá tó ti fọ́ létí. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì màá fi pẹtiróòlù fọ kànrìnkàn, màá sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa. Bí ọyẹ́ bá mú, omi máa ń pọ̀ nínú agolo náà ju ọ́ìlì lọ, gbogbo rẹ̀ á wá funfun bí ògì. Iṣẹ́ kékeré ni, àmọ́ bí èèyàn bá fo ọjọ́ kan, agolo á kún, ọ́ìlì á sì tún wá aṣọ lọ.

Ó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin tẹ̀ léra, kò sí ẹ̀kán lára ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Inú mi dùn débi pé mo lọ tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago.

Tẹlifóònù wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Pobẹ̀. Mo ti kọ̀wé sílé ṣáájú pé kí ẹ̀gbọ́n mi lọ dúró ti tẹlifóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ra kòkó. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ náà wo ìwé rẹ̀, ó ní, "Abẹ́òkúta? A máa gbé e gba Párì."

"Párì wo?"

"Ti àwọn òyìnbó. Láti Párì, ó di Lọ́ńdọ̀nù. Láti Lọ́ńdọ̀nù, ó di Èkó. Èkó ló máa wá fún ọ ní Abẹ́òkúta."

Mo ní níbi tí mo dúró sí yìí, bí mo bá fẹsẹ̀ rìn, ọjọ́ méjì péré ni màá fi délé. Ó ní òun gbà, àmọ́ ohùn mi kò lẹ́sẹ̀. A ti gba òmìnira o, a ní àsíá, a ní sítáǹbù tí wọ́n ya ẹranko sí, síbẹ̀ kí n tó lè kí ẹ̀gbọ́n mi, ohùn mi ní láti kọ́kọ́ lọ kí ọ̀gá àtijọ́ akọ̀wé yìí àti ọ̀gá àtijọ́ tèmi. Mo jókòó láti àárọ̀ títí wọ́n fi jẹun ọ̀sán dé.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, ó dà bí ẹni pé inú kànga ló wà. "Òjò mélòó ló ti rọ̀?" ó ní.

"Mò ń kà á. Ẹ kú ilé, sà. Màmá ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le. Ó ní kí ni o ń ṣe níbẹ̀?"

"Èmi ni ọ̀gá gbogbo mẹkáníìkì Pobẹ̀."

Ó dákẹ́. N kò mọ̀ bóyá òun ló ń rò ó ni tàbí Lọ́ńdọ̀nù ló ṣì ń gbọ́ ọ lọ́wọ́. Kó tó tún sọ̀rọ̀, akọ̀wé ní àkókò mi ti pé.

Mo rìn padà sílé, inú mi kò dùn mọ́. Ní Abẹ́òkúta, èmi ni ẹni tó pa ẹ́ńjìnì. Ní Pobẹ̀, èmi ni Ẹ̀gbá. Bí àwọn oníṣòwò láti Abẹ́òkúta bá wá ra nǹkan lọ́jà Pobẹ̀, tí mo sì kí wọn, wọ́n á gbọ́ ohùn tí mo ti kó níbẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ wo ará Dàhòmì yìí." Mo máa ń jẹun nìkan lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú mọ́tò, níta ọgbà ìjọ, pẹ̀lú orin wọn létí mi. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Mo kàn ń fi yẹ̀yẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ ni, nítorí yẹ̀yẹ́ nìkan ni n kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ fún mi.

Ẹni tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá Zàkáríà. Abúlé Ahoyéyé nítòsí ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá. Kò bá wọn lọ sí ìjọ, ohun tí àwọn baba rẹ̀ ń sìn ló ń sìn, síbẹ̀ òun ló ń fọ gbogbo aṣọ funfun ilé, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ aṣọ fọ̀. Iṣẹ́ epo pupa ló ń ṣe láti kékeré. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí mi tí mò ń da ọ́ìlì agolo tí mo gbé wálé nínú igbá nù sẹ́yìn ògiri, ó pariwo bí ẹni pé ọmọ ni mo sọ sí kànga.

"Ṣé epo lo ń dà nù yẹn?"

"Ìyá, ọ́ìlì tó ti bàjẹ́ ni. Omi wà nínú rẹ̀."

"Epo wo ni kì í ní omi nígbà tí a bá ń sè é?"

Ó gba igbá náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e síbi tí ìjì kò dé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, omi ti lọ sísàlẹ̀, ọ́ìlì ti léfòó. Ó fi ahá bù ú lójú fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kò jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan bá a wá, bí wọ́n ṣe ń bu epo pupa níbẹ̀. Ó wá gbé e fún mi, ó ń dán gbinrin. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ ṣeun, mo sì dà á nù nígbà tó kọjá lọ.

N kò mọ̀ pé ó rí mi. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti gba igbá lọ́wọ́ mi tó sì bu ọ́ìlì lójú rẹ̀ tán, ọmọ rẹ̀ ló ń gbé e fún.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo ṣàkíyèsí ohun kan tó rú mi lójú. Ọ́ìlì tó wà nínú ẹ́ńjìnì kò dín mọ́. Ńṣe ló ń pọ̀ sí i, láìsí ẹni tó ra ọ́ìlì. Mo fi ìka kàn án, ó ṣàn bí omi, ó sì ń rùn bíi pẹtiróòlù. Ẹ́ńjìnì wá ń mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, agolo tó máa ń dé Sakẹ́tẹ́ kó tó kún ti ń kún lágbedeméjì ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo tètè dé ẹnu iṣẹ́, mo bá Bàbá Zàkáríà lórí ẹ́ńjìnì pẹ̀lú àrọ àti ahá ìyá rẹ̀, ó ń da ọ́ìlì agolo padà sínú mọ́tò. Ojú tì í. Ó ní, "Ìyá ní ó ti dára."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo kọjú sí Ìyá Àgbà tó ń gbálẹ̀. "Ìyá, mọ́tò kì í ṣe ẹbu epo. Ọ́ìlì yìí ti jóná, pẹtiróòlù ti wọ inú rẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè bù ú tí á tún lágbára. Ohun tó ń pa mọ́tò ọmọ yín lẹ ń fún un mu."

Kò bínú. Ó sún mọ́ mọ́tò, ó wo agolo náà fún ìgbà díẹ̀. "Èyí tí o sọ, bóyá òótọ́ ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n ihò tí o lu sí ìdérí yìí kéré. Ohun tó ń hó ló wà níbẹ̀. Bí mo bá ń se epo, mo máa ń ṣí ìdérí sílẹ̀ díẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Mo sì yíjú sí àwọn tó wà nítòsí, mo ṣẹ́jú sí wọn. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Bí mo bá rántí ìṣẹ́jú yẹn báyìí, ojú ṣì máa ń tì mí.

Mo pààrọ̀ ọ́ìlì, àmọ́ ẹ́ńjìnì ti jẹ ìyà, èémí rẹ̀ kò sì padà sí bó ṣe wà. Ọjọ́ ìsìn ńlá wá kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo ìjọ máa lọ sí Àjàṣẹ́. Bàbá ní òórùn ọ́ìlì tún ti ń wọ inú mọ́tò, ó ní, "Ẹ̀gbá, o rántí ohun tí mo sọ." Mo rántí. Mo ronú pé bí òórùn bá ń jáde, ihò ìdérí ló ń gbà jáde. Mo gba kùkùté àbẹ́là kan lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ fúnra wọn, mo yọ́ ọ, mo fi dí ihò náà pinpin. Òórùn dá. Mo súfèé títí mo fi sùn.

Àwọn méje ló wọkọ̀, Bàbá ló jókòó níwájú, gbogbo wọn funfun báláú. Kò sí òórùn, kò sí èéfín, Bàbá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin. Nígbà tí a dé Sakẹ́tẹ́, mo dúró láti ro agolo gbẹ bí mo ṣe máa ń ṣe. N kò pa ẹ́ńjìnì, nítorí ó máa ń ṣòro láti tan padà. Àwọn èrò sọ̀kalẹ̀, wọ́n yí mi ká, wọ́n fẹ́ rí agolo tí wọ́n ti ń gbọ́ òkìkí rẹ̀. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo rí i pé ìdérí náà ti wú sókè. Mo fi ọwọ́ kàn án.

Ó fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Gbogbo ohun tó wà nínú agolo, ọ́ìlì, omi àti kànrìnkàn, jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó ti fẹ́ sín láti Pobẹ̀ tó ń pa á mọ́ra. Nígbà tí mo nu ojú mi, kò sí aṣọ funfun kankan mọ́ ní Sakẹ́tẹ́. Kànrìnkàn náà wà léjìká Bàbá Zàkáríà.

Wọn kò lè lọ sí Àjàṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rìn dé ilé ìsìn tó wà ní Sakẹ́tẹ́, wọ́n dúró síta ọgbà nítorí wọ́n ní àwọn kò lè wọlé pẹ̀lú àbààwọ́n, wọ́n sì kọrin láti ibẹ̀. Èmi náà dúró ti mọ́tò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo wa jọ wà níta.

Nígbà tí a padà délé, Bàbá sọ̀rọ̀ ní ṣókí. "Lọ́la, o máa lọ." Mo ti ń di ẹrù mi. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, kò sì sí èyí tó dáa nínú wọn. Òjò kejì kò tíì rọ̀ tán.

Ìyá Àgbà ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹrù mi, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ta ló máa fọ aṣọ méje?" ó ní.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ máa ń fọ̀ wọ́n," Bàbá sọ.

"Èmi kọ́ ni mo ta ọ́ìlì sí wọn. Kó fọ̀ wọ́n kó tó lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọṣọ. Ó fún mi ní ọṣẹ dúdú tó fi eérú àti epo ṣe, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ra á láìjẹ́ kí aṣọ ya, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sá a sórí koríko kí oòrùn lè bá mi ṣiṣẹ́. Bí mo bá mú ọ̀kan wá, á gbé e sókè sí ojú ọ̀run, á wò ó láti òkè dé ilẹ̀, á fi ìka kan ibì kan. "Ó ṣì wà níbí." Màá padà lọ fọ̀ ọ́.

Mọ́tò ńkọ́? Bàbá Zàkáríà ń wà á fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, agolo kún, ó sì ṣàn sílẹ̀. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń fọṣọ, kò wojú mi. "Kó o tó lọ," ó ní, "wá bá mi ro agolo yẹn gbẹ." Mo ro ó gbẹ. Mo lu ihò ńlá sí ìdérí rẹ̀, Ìyá Àgbà sì ń wò mí. Lọ́jọ́ keje, "Kó o tó lọ, wá gbọ́ bí ẹ́ńjìnì yìí ṣe ń dún." Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, "Kó o tó lọ, bá mi kó àwọn èrò yìí dé Sakẹ́tẹ́, ẹ̀yìn ń dùn mí." Mò ń wakọ̀ láàárọ̀, mò ń fọṣọ nírọ̀lẹ́. Òjò kejì rọ̀ tán, mo ṣì wà níbẹ̀.

Mẹ́fà mọ́ nínú aṣọ méje náà. Èyí tó kù ni ti Bàbá Zàkáríà. Ìyá Àgbà kò gbà pé ó ti mọ́. Lọ́jọ́ kan mo gbé e sókè fúnra mi lójú oòrùn, mo wò ó ní gbogbo ibi tó máa ń fi ìka kàn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo yí i padà, mo wo inú rẹ̀. Ó funfun débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú.

Mo gbé e lọ bá a. "Ìyá, àbààwọ́n dà?"

Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè nínú epo tó ń sè. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan àárín àyà aṣọ náà, níbi tó mọ́ jù. "Ó wà níbí," ó ní. "Lọ fọ̀ ọ́. Bí o bá fọ̀ ọ́ tán, kí o máa lọ."

Ìyá Àgbà ti lọ sọ́run, Bàbá Zàkáríà náà ti lọ, wọ́n sì ti fi mọ́tò yẹn ṣe ilé adìyẹ tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dáwọ́ òjò kíkà dúró, ó wá kí mi ní Pobẹ̀, ó bá mi lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ọwọ́ ọṣẹ. Ó ní kí ni mo ń fọ̀. Mo ní aṣọ kan ni, ó ní àbààwọ́n. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó tinú-tẹ̀yìn, ó ní òun kò rí àbààwọ́n kankan.

Mo ní kó dá a padà fún mi, n kò tíì fọ̀ ọ́ tán.